Kí Ló Ń Fa Kọ̀ǹpútà Àjọlò Sẹ́yìn?

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1967, àwọn òṣìṣẹ́ IBM ní ìlú Cambridge ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo CP-40. Ètò yìí lè sọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo di 14, ohun tí à ń pè ní virtual machine lónìí. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ló ni tòun. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a máa falẹ̀ bí ìgbín.

Oníwàdùwàdù á ní kí wọ́n ra èyí tó lágbára jù. Ní 1968, Peter Denning ṣàlàyé ohun tó yà mí lẹ́nu: bí iṣẹ́ bá ju àyè ìrántí lọ, kíkó iṣẹ́ wọlé, kíkó o jáde ni ẹ̀rọ yóò máa ṣe, ọpọlọ rẹ̀ á sì jókòó lásán. Ó dà bíi télọ̀ tí tábìlì rẹ̀ kéré, tó ń ká aṣọ ju bó ṣe ń rán an lọ!

Nítorí náà ni mo ṣe ka Yves Bard ti IBM sí. Ní 1971, ó tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí bí a ṣe ń wọn irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kan kò tó: bí ọpọlọ bá ń jókòó, tí kíkó-wọlé kíkó-jáde sì ń pọ̀ sí i, ìrántí ló kéré, owó ọpọlọ tuntun á kàn wọmi ni.