Dọ̀ǹkúwà: Ìpanu afúnni-lágbára tí kò nílò ààrò búrẹ́dì

Kì í ṣe gbogbo ìpanu ló ń wọ inú ààrò búrẹ́dì kó tó di jíjẹ. Ọ̀kan lára wọn ni dọ̀ǹkúwà, tí àwọn Hausa mú wá, tí àwọn Yorùbá náà sì ti sọ di tiwọn. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣòroó rí lọ́jà Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, nípìńlẹ̀ Èkó.

Ife àgbàdo méjì, ife ẹ̀pà kan, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Ẹ yan àgbàdo àti ẹ̀pà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì bó èèpo ẹ̀pà. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá gún un nínú odó títí òróró ẹ̀pà yóò fi mú un lẹ̀ pọ̀; ẹ má bu omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ ṣù ú ní roboto, kí ẹ kó o sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí.

Ibi tí ewu wà ni ohun tí ẹ bá rà. Ẹ ṣa àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, tó hunjọ tàbí tó korò dànù, nítorí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú rẹ̀. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kò sì lè pa á tán. Lọ́dún 2004, àgbàdo tó ní májèlé yìí pa èèyàn 125 lórílẹ̀-èdè Kenya. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣà á kó tó yan án yóò dín ewu náà kù.