Owó Ìnṣọ́ránsì Mọ́tò ní Ireland: Gbèsè Ta Là Ń San?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp wa pé alágbàtà kan wà tó ń ta ìnṣọ́ránsì mọ́tò ní ìdajì iye táwọn ilé-iṣẹ́ ń bèèrè. Kò ní bèèrè iye ọdún tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ nílẹ̀ yìí, kò sì ní wo láísẹ́ǹsì yín. Ẹ ṣáà ti fowó ránṣẹ́, ìwé á dé sórí fóònù yín. Kí n tó kà á tán, èèyàn mẹ́rin ti ń bèèrè nọ́ḿbà rẹ̀.

Mi ò bá wọn wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá iye lé mi ní Dublin níbí, owó ìnṣọ́ránsì ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra mọ́tò ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mò ń kà, ìtàn ilẹ̀ yìí sì ti kọ́ mi pé ìnṣọ́ránsì owó pọ́ọ́kú wà lára ohun tó sọ ti gbogbo wa di ọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Àjọ ni ìnṣọ́ránsì, tàbí adójútòfò bí àwọn oníròyìn ṣe ń pè é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní àjọ tiwa, ohun tí kálukú dá ló máa kó. Nínú àjọ tibí, ẹni tí aburú bá ṣẹlẹ̀ sí ló ń kó o. Tí ọdún bá parí láìsí ìjàm̀bá, owó yín ti lọ nìyẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní Britain, òfin ọdún 1930 ló sọ ọ́ di dandan. Ireland ṣe tirẹ̀ nínú Road Traffic Act ti 1933. Ìjọba amúnisìn gbé irú rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1945. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀: mọ́tò á gbá ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó wà á ò ní lówó lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n gbá á sì jìyà gbé. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó ni mọ́tò ni òfin yìí ń dáàbò bò, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ lè ṣe léṣe ni. Òun ni wọ́n ń pè ní third party. Èyí tí wọ́n ń pè ní third party, fire and theft fi iná àti olè kún un. Comprehensive nìkan ló máa tún mọ́tò tiyín ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ̀yin náà á sì kọ́kọ́ san iye kan, tí wọ́n ń pè ní excess.

Nílé, iye kan náà ni third party mọ́tò aládàáni fún gbogbo èèyàn. Naira 5,000 ni tẹ́lẹ̀, ó di 15,000 ní January 2023. Ibí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wo ọjọ́ orí yín, àdúgbò yín, ẹ́ńjìnnì yín, irú láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ní, àti iye ọdún tẹ́ ẹ fi wakọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ogún ọdún tẹ́ ẹ fi wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó lè má jámọ́ nǹkan kan lójú wọn.

Ibi tí ìtàn ti wọlé nìyí. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Moore dá PMPA sílẹ̀ níbí. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ń rẹ́ awakọ̀ jẹ, òun á ta tòun ní owó tó mọ níwọ̀n. Èrò ya lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1983, òun ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì mọ́tò ní orílẹ̀-èdè yìí. Àṣé owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ de àwọn tó fara pa kò tó. Ní October ọdún náà, ìjọba sáré ṣòfin, kóòtù sì fi alábòójútó sórí ilé-iṣẹ́ náà. Ta ló wá san gbèsè? Wọ́n bu ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìnṣọ́ránsì, ti mọ́tò, ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá PMPA da nǹkan kan pọ̀ rí náà san níbẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ní March 2010, wọ́n fi alábòójútó sórí Quinn Insurance, ilé-iṣẹ́ Seán Quinn, tí òun náà ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà. Ní January 2012, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún padà sórí ìwé wa. Kí ẹnu tó kúrò lára ìyẹn, Setanta tún dé. Malta ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Ireland ló ti ń tajà. Ní April 2014 ó wọlẹ̀. Àwọn tó lé ní 70,000 tí wọ́n rò pé àwọn ti san owó ọdún ní láti lọ wá ìnṣọ́ránsì mìíràn. Àwọn tó fara pa dúró. Ẹjọ́ nípa ẹni tó yẹ kó sanwó fún wọn lọ títí dé Supreme Court ní 2017, ó sì di 2018 kí òfin tuntun tó jẹ́ kí àpò ìdáǹdè, tí gbogbo wa dá owó sí, lè san án pátápátá.

Ẹ fi ti àwọn tí kò ní ìnṣọ́ránsì rárá kún un. Láti 1955 ni MIBI ti wà, òun ló ń sanwó fún ẹni tí irú wọn bá gbá. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ni owó rẹ̀ ti ń wá, ìyẹn ni pé àpò èmi àti ẹ̀yin ni.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ ṣé ẹ rí i báyìí?

Kì í ṣe pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Owó náà lọ sókè burúkú títí di 2016, ariwo ta, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Láti April 2021 ni ìlànà tuntun àwọn adájọ́ ti dín owó tí wọ́n ń san fún ọrùn dídùn àti ìfarapa kékeré kù. Láti July 2022, Central Bank ti fòfin de kí wọ́n máa fi owó kún ti oníbàárà àtijọ́ kìkì nítorí pé kò kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Kí ló wá kù fún wa? Ẹ má jẹ́ kí láísẹ́ǹsì falẹ̀. Ireland kì í pààrọ̀ ti Nàìjíríà, torí náà ẹ tètè ṣe ìdánwò, ẹ gba ẹ̀kọ́ méjìlá yẹn, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ learner permit. Ìwé ìrántí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ yín ní ó kéré tán 20 ọjọ́ iṣẹ́ kí tọdún yìí tó parí. Ẹ fi àkókò yẹn bèèrè iye kiri. Ẹ san án lẹ́ẹ̀kan náà tí agbára bá gbé e, nítorí sísan lóṣooṣù sábà máa ń ní èlé. Ẹ bi wọ́n bí owó á ṣe kéré sí tí excess bá pọ̀ sí i, àmọ́ kí ó jẹ́ iye tẹ́ ẹ lè rí san. Tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá kọ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí Insurance Ireland, wọ́n ní ètò fún irú ẹ̀. Ẹ má sì fi mọ́tò ọmọ sí orúkọ bàbá bí ẹni pé bàbá ló ń wà á. Irọ́ ni, ọjọ́ ìjàm̀bá ló sì máa ń tú.

Ní ti alágbàtà WhatsApp yẹn, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ Central Bank lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi wò ó, mi ò rí i. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Balbriggan ti ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Gardaí dá a dúró, wọ́n tẹ nọ́ḿbà mọ́tò rẹ̀ sínú fóònù ọwọ́ wọn, kò sí ìnṣọ́ránsì kankan. Wọ́n wọ́ mọ́tò lọ níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kóòtù, tí wọ́n lè dá owó ìtanràn tó tó €5,000, kí àmì márùn-ún sì wọ inú láísẹ́ǹsì. Owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ tó tẹ̀lé e kò ṣe é sọ fún èèyàn.

Àwọn mẹ́rin tó gba nọ́ḿbà, ẹ mọ ara yín. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ pè mí lálẹ́ òní, ká jọ wo ìwé náà kẹ́ ẹ tó wa mọ́tò jáde láàárọ̀ ọ̀la.