Láti Orí Abẹ Gbẹ́rẹ́ dé Orí Abẹ́rẹ́: Ìtàn Dídín Ewu Kù

Ní àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, abẹ kì í ṣe ohun àjèjì. Abẹ ni wọ́n fi ń fá irun ọmọ tuntun, òun náà ni wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́. Láyé àtijọ́, abẹ kan ṣoṣo lè sín gbẹ́rẹ́ fún odindi agboolé. Ní ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé àrùn éèdì ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin lè gbé kòkòrò HIV láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, ìmọ̀ràn tó wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí kì í ṣe pé kí wọ́n pa gbẹ́rẹ́ tì. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kí oníkálukú mú abẹ tirẹ̀ wá. Títí di òní, àwọn kan ń mú kílípà tiwọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bú wọn.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí ètò pàṣípààrọ̀ abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún òògùn olóró sínú iṣan ara wọn. Ìlú Amsterdam ni ètò yìí ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1984. Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ pariwo. Àwọn tó ń lo òògùn náà gan-an ni, nínú ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Junkiebond. Àrùn mẹ́dọ̀wú ló ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà, nítorí ilé ìtajà òògùn kan láàrin ìlú fẹ́ ṣíwọ́ títa síríńjì fún wọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ló yẹ kí a fara balẹ̀ gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọlọ́pàá ibẹ̀ ń gba síríńjì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn olùtajà òògùn náà kò sì fẹ́ tà á mọ́. Ǹjẹ́ àwọn ènìyàn náà jáwọ́? Rárá o. Ńṣe ni wọ́n ń péjọ sínú yàrá kan, tí ọ̀pọ̀ ń lo síríńjì kan ṣoṣo. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú náà: nínú àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìdá 51 nínú 100 ló ti kó kòkòrò HIV. Ní Glasgow, tí kò jìnnà síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní i. Lọ́dún 1986 yẹn kan náà ni Liverpool bẹ̀rẹ̀ ètò pàṣípààrọ̀ tirẹ̀.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹni tó bá mú abẹ́rẹ́ tó ti lò wá yóò gba tuntun. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ yóò kúrò nílẹ̀, níbi tí ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ilé ìwòsàn yóò rí ẹnì kan tí kò ní fi ṣe ẹlẹ́yà, tí yóò yẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí yóò sì fọ̀nà ìtọ́jú hàn án lọ́jọ́ tó bá ṣe tán. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni yóò bi mí pé, ṣé èyí kò ní sọ òògùn olóró di ohun àmúyangàn? Ìbéèrè gidi ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ètò náà ń mú kí àwọn tó ń lo òògùn olóró pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ń dín àrànkálẹ̀ HIV kù.

Ọ̀nà ìjìyà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbà. Òfin ìjọba ológun ọdún 1984 fi ikú ṣe ẹ̀san òwò òògùn olóró, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1985, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe ti ṣẹlẹ̀ kí òfin náà tó jáde. Ọdún 1989 ni wọ́n dá NDLEA sílẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo òògùn olóró láàrin ọdún kan, àti pé nǹkan bí 80,000 ló ń gún un lábẹ́rẹ́. Ní ọdún 2014, ìdá 3.4 nínú 100 àwọn agúnbẹ́rẹ́ wọ̀nyí ló ní HIV. Nígbà tó di 2020, ó ti di 10.9. Láàrin ọdún 2020 sí 2021 ni wọ́n wá dán ètò pàṣípààrọ̀ wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Abia, Gombe, àti Ọ̀yọ́ tiwa.

Ó kan àwọn abúlé wa. Ẹni tó gún abẹ́rẹ́ nígboro Ìbàdàn lè ní ìyàwó ní Mọ́níyà, tàbí kí ó ní àfẹ́sọ́nà ní Akànrán, obìnrin tí kò fojú kan síríńjì rí àyàfi nílé ìwòsàn. Bí ọkọ bá kó kòkòrò náà, ó lè ràn án, ó sì lè dé ara oyún inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há ni ti òfin. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé síríńjì tó wà lápò òun lè di ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú òun lójú ọ̀nà kò ní gbé e padà wá. Inú igbó ẹ̀yìnkùlé ni yóò jù ú sí.