Èdè Tí A Fi Ń Dájọ́ ní Ilẹ̀ Lituéníà

Ní ọdún 1588, wọ́n tẹ ìwé òfin ńlá kan jáde ní ìlú Vilnius, olú-ìlú Lituéníà, ilẹ̀ kan tí ó wà ní apá àríwá Yúróòpù. Ìwé náà ni ẹ̀kẹta irú rẹ̀: òfin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1529, èkejì ní 1566. Lew Sapieha, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ẹnu wọn tólẹ̀ jù lọ ní ìjọba ìgbà náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ìtìjú ni kí ènìyàn má mọ òfin ilẹ̀ rẹ̀, pàápàá àwọn tí a kọ òfin wọn ní èdè tiwọn, tí kì í ṣe ní èdè àjèjì. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà wò yóò rí i pé èdè Lituéníà kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè Rùténíà ni, èyí tí èdè àwọn ará Bẹ̀lárúsì àti ti Yukréníà òde òní ti ṣẹ̀ wá. Sapieha kò purọ́, nítorí èdè tirẹ̀ ni lóòótọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń sọ èdè Lituéníà ní oko rẹ̀ ni kò sí lára àwọn tí ìjòyè náà ń bá sọ̀rọ̀. Òfin 1566 ti pàṣẹ pé lẹ́tà Rùténíà àti ọ̀rọ̀ Rùténíà nìkan ni akọ̀wé kóòtù gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé ìpẹ̀jọ́. Bí ẹ̀rù bá ba àgbẹ̀ nígbà tí ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ta ni yóò bá a wí?

Kì í ṣe pé èdè Lituéníà kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ní 1547, Martynas Mažvydas ti tẹ ìwé katikísímù ní ìlú Königsberg, ìwé àkọ́tẹ̀ ní èdè náà. Ní nǹkan bí ọdún 1620, àlùfáà Jésúìtì kan, Konstantinas Sirvydas, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kan tí ó to èdè Pólándì, Látìnì àti Lituéníà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìjọ ń wá ọkàn àgbẹ̀, nítorí náà ó kọ́ èdè rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò wá ju ọrùn àti àpò rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni èdè kan ti ń gba ipò èkejì nínú kóòtù, bí ọba ti í jẹ tẹ̀lé ọba. Ní 1697 èdè Pólándì gba ipò Rùténíà. Ní 1795 èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ Rọ́ṣíà. Ní 1840 ìjọba Rọ́ṣíà fagi lé òfin àtijọ́ náà ní agbègbè Vilnius, ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1863 ni èyí tí ó burú jù dé: láti 1864 títí di 1904, èèwọ̀ ni láti fi lẹ́tà Látìnì tẹ ìwé èdè Lituéníà. Ìlú Tilžė, tí ó wà lábẹ́ Jámánì, ni wọ́n ti ń tẹ ìwé wọn, tí àwọn ènìyàn sì ń fi òru gbé e kọjá ẹnubodè. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn di èrò Sìbéríà.

Ẹjọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Antanas Macijauskas tẹ máàpù Lituéníà ní 1900, ó sì fi lẹ́tà Látìnì kọ orúkọ àwọn ìlú sí i. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà kò sá, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀bẹ̀. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé iwájú Sẹ́nétì, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Rọ́ṣíà, wọ́n sì dá a láre pé èèwọ̀ náà kò ní òfin tí ó gbé e ró. Èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ro ẹjọ́ náà níwájú àwọn adájọ́ Rọ́ṣíà. Òfin ẹni tí ó ni í lára ni ó fi gba èdè ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Lituéníà kéde òmìnira ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1918, iṣẹ́ ńlá dé ọwọ́ àwọn amòfin rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè náà ti kéré tó, òfin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jogún lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ogún àti ìgbéyàwó. Òfin Rọ́ṣíà wà ní apá tí ó tóbi jù. Òfin Napoleon ti Faransé wà ní òdì kejì odò Nemunas. Òfin àwọn ìgbèríko Báltíìkì ni wọ́n ń tẹ̀lé ní agbègbè Palanga. Nígbà tí Klaipėda sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1923, ó gbé òfin Jámánì bọ̀. Ọ̀rọ̀ Lituéníà kan ṣoṣo ní láti gba ẹrù gbogbo wọn. Petras Leonas, mínísítà ètò ìdájọ́ àkọ́kọ́, tí ó tún ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaunas ní 1922, wà lára àwọn tí ó ru ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ àlejò kò tán nínú rẹ̀: „advokatas“ ni wọ́n ń pe agbẹjọ́rò títí di òní, „prokuroras“ sì ni agbẹjọ́rò ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni ó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. „Tiesus“ ni ohun tí ó tọ́, tí kò wọ́. Láti inú ẹbí kan náà ni „tiesa“ ti wá, èyí tí í ṣe òtítọ́, „teisė“, ẹ̀tọ́ àti òfin, „teismas“, ilé ẹjọ́, „teisėjas“, adájọ́. Yorùbá tí ó bá ka èyí kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí „tọ́“, „ẹ̀tọ́“ àti „òtítọ́“ tiwa ń ṣe bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá. „Byla“ ni ẹjọ́, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a fọhùn ni ó sì ti wá. Olùpẹ̀jọ́ ni „ieškovas“, ẹni tí ń wá nǹkan, olùjẹ́jọ́ ni „atsakovas“, ẹni tí ń dáhùn. Àgbẹ̀ tí kò kàwé lè gbọ́ ọ kí ó sì mọ ibi tí òun yóò dúró sí nínú kóòtù.

Irú ojúlówó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé ń túmọ̀ lónìí. „Judge“, „court“, „jury“, „plaintiff“, „verdict“: ọmọ Faransé ni gbogbo wọn, tí àwọn ará Normandy gbé dé lẹ́yìn 1066. „Verdict“ kò ju „òtítọ́ sísọ“ lọ ní Faransé àtijọ́. Ní 1362, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi ro ẹjọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbọ́ Faransé. Síbẹ̀ ó di 1731 kí wọ́n tó ṣe òfin tí ó lé Látìnì kúrò nínú ìwé kóòtù wọn. Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀ rí. „Law“ gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará Skandinéfíà ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a fi lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lè wà kí ìdájọ́ má sí. Ní 1940 Sófíẹ́tì gba Lituéníà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n sì ti ń lo òfin Rọ́ṣíà níbẹ̀. „Teismas“ ṣì ń jẹ́ „teismas“, „teisėjas“ ṣì ń jẹ́ „teisėjas“. Ní oṣù Kẹfà 1941, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tàgbà tèwe, sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sìbéríà, láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú adájọ́. Ìgbìmọ̀ kan ní Moscow ni ó ń dá wọn lẹ́bi lẹ́yìn wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1988, èdè Lituéníà tún di èdè ìjọba. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1990 òmìnira padà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà sì ń múra láti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí ó wọ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2004, òkìtì òfin àjọ náà ní láti di èdè Lituéníà, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára èdè tí wọ́n ń tú u láti inú rẹ̀. Níbí ni ọgbọ́n atúmọ̀ ti ń tán. „Law“ kan ṣoṣo yóò di „įstatymas“ bí ó bá jẹ́ òfin tí ilé aṣòfin ṣe, yóò sì di „teisė“ bí ó bá jẹ́ òfin lápapọ̀. „Judgment“ yóò di „nuosprendis“ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, yóò di „sprendimas“ nínú ẹjọ́ gbèsè tàbí ti ilẹ̀, ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan lò fún èkejì ti sọ onígbèsè di ọ̀daràn. Ní ti „jury“, „prisiekusieji“ ni wọ́n ń pè é, àwọn tí ó búra, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni: kò sí wọn nínú kóòtù Lituéníà, adájọ́ nìkan ni ó ń dá ẹjọ́.

Síbẹ̀, òfin Yúróòpù tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Lituéníà kì í ṣe ẹ̀dà lásán. Nínú èdè 24 tí àjọ náà ń lò, ọ̀kan kò ní àṣẹ ju èkejì lọ níwájú ilé ẹjọ́ wọn ní Luxembourg. Ohun tí Sapieha fi yangàn ní 1588 ti wá di òtítọ́ fún ọmọ àgbẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ tí àwọn ará ìlú dìbò fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1992 sọ ní abala 117 pé èdè Lituéníà ni kí wọ́n máa fi gbọ́ ẹjọ́, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀. Àwọn ọmọ Pólándì àti Rọ́ṣíà tí ń gbé ilẹ̀ náà, tí èdè tiwọn ti jọba rí lórí àga ìdájọ́ kan náà, wà lára àwọn tí abala yìí dáàbò bò. „Vertėjas“ ni wọ́n ń pe ògbufọ̀ náà. Inú „versti“ ni orúkọ yìí ti wá, ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí kí a yí nǹkan padà, kí a túmọ̀ èdè, tàbí kí a fi ipá mú ènìyàn.