Nígbà Tí Ọkọ̀ Gun Orí Ọkọ̀

Orúkọ kan ṣoṣo ni àwa Yorùbá ní fún mọ́tò àti ohun tó ń lọ lójú omi: ọkọ̀. Tojú omi ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Nígbà tí mọ́tò dé ilẹ̀ wa lẹ́yìn 1900, orúkọ ẹ̀gbọ́n la fi sọ àbúrò. Ní Ajah lónìí, àbúrò ló wá ń gbé ẹ̀gbọ́n rù.

Ẹ wo bí ilẹ̀ Lẹkki ṣe rí: òkun ní gúúsù, ọ̀sà ní àríwá, iyanrìn láàárín. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ igi ló ń gbé ẹja, àgbọn àti epo lọ sọ́jà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ló padà fi ṣe ibùjókòó. Àdéhùn tó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní September 1854 gbà á láyè láti máa gba owó ibodè lórí epo ní èbúté Palma, létí òkun lápá Lẹkki. Ẹni tó bá lọ́kọ̀ lójú ọ̀sà nígbà yẹn ló ni ọ̀nà.

Ìgbà ìjọba Lateef Jakande (1979 sí 1983) ni títì Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ wáyé. Mọ́tò wá gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ igi, òrùlé mọ́tò sì di àjà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná. Ta ni ò mọ káríà orí 504 elérò? Iṣu, ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ẹ̀ ló ń gun òkè. Òrùlé 504 ní etí tí omi òjò ń gbà ṣàn. Etí yẹn ni ẹsẹ̀ káríà ń gé mọ́.

Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí ò ní etí mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ra kayak, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tí àwọn Inuit ilẹ̀ yìnyín fi ń ṣọdẹ. Mo ra káríà tó dínwó jù lọ mọ́ ọn, mi ò wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ bá òrùlé mi mu. Nítòsí Abraham Adesanya, mo gbọ́ "gbì!" Ẹsẹ̀ iwájú ti yọ̀, imú kayak ti dorí kọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oníkẹ̀kẹ́ bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó farapa, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo òrùlé yín. Bó bá ní irin gígùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ra káríà tó ń di irin mú. Bó bá jẹ́ òrùlé lásán, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ fún irú mọ́tò yín gan-an. Ẹ wo iye kìlò tí ìwé mọ́tò ní òrùlé lè gbé, kí ẹ ka káríà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì jìnnà síra. Ẹ fi bẹ́líìtì méjì dè é, kí ẹ tún fi okùn so imú àti ìdí rẹ̀ mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò, torí atẹ́gùn a máa gbé imú rẹ̀ sókè.

Ní báyìí, bí mo bá kó sí kòtò, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Badore, níbi tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀ sọdá ọ̀sà sí apá Ìkòròdú, mo máa ń tú u sílẹ̀. Bó bá ti kan omi, ẹ̀gbọ́n á máa lọ. Àbúrò á dúró létí omi, á máa retí rẹ̀.