Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ilẹ̀ Okun, láti Lọ́kọ́ja dé Kábà

Bí a bá dárúkọ Ìkòyí létí ará Èkó nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n bá wà nílẹ̀, ọgbà ńlá tí ìjọba kọ́ síbẹ̀ ní 1955 ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ bá. Ṣùgbọ́n Ìkòyí tí mo ń sọ yìí wà ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí a ti ń kí ara wa ní "Okun o" láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kò sì sí odi ẹ̀wọ̀n kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí adájọ́ bá ní kí wọ́n tì mọ́lé ní agbègbè wa, Kábà ni wọ́n ń gbé e lọ, ìlú tí Ọbaro jẹ́ ọba rẹ̀, ibùjókòó àwọn Òwé. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí pé a mọ ìtàn ọba wa, a mọ ìtàn ogun wa, a sì mọ ìtàn ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ wọ ìlú, ṣùgbọ́n ilé tí à ń kó àwọn ọmọ wa tí ó ṣìnà sí, a kì í bèèrè ẹni tí ó kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ohun tí ó torí rẹ̀ kọ́ ọ, àti ohun tí ó yẹ kí a máa fi ṣe lónìí.

Kí òyìnbó tó dé, kò sí yàrá kan láàárín wa tí a ń ti ènìyàn mọ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá nítorí pé ó dẹ́ṣẹ̀. Bí ẹnìkan bá jí ewúrẹ́ gbé, baálé rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè, nítorí pé ẹni tó bá jalè ló bọmọ jẹ́, gbogbo agbo-ilé ni ìtìjú náà sì kàn. Àwọn àgbà yóò jókòó, olùfisùn yóò rò, ẹni tí a fi sùn náà yóò rò, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ta kókó tí kò tú, wọn yóò mú wọn dé ojú ilẹ̀ kí wọ́n fi ilẹ̀ búra. Ìtanràn ni ó máa ń tẹ̀lé e, èyí tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀, tí apá kan sì jẹ́ ti ètùtù. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi san án lè ṣòfà títí gbèsè yóò fi tán. Ẹni tí ìwà rẹ̀ bá le ju èyí tí ìbáwí lè ràn, wọn a lé e kúrò nílùú, wọn a sì ta ẹlòmíràn pàápàá, kí a má purọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ròyìn ayé àtijọ́ bí ẹni pé àánú nìkan ni ó kún inú rẹ̀. Àánú wà níbẹ̀, ìkà náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá wí tí wọn kò lé lọ, inú ilé baba rẹ̀ ni ó ń sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, oko rẹ̀ kò di igbó, ẹni tí ó pàdánù sì rí nǹkan gbà. Bí àwọn àgbà bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, wọ́n ń fi òsì fà á mọ́ra.

Ìdè tí ilẹ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ délẹ̀délẹ̀, ti àwọn Tápà ni. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, láti Bídà ni wọ́n ti ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Okun: Òwé, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà. Owó ẹyọ ni wọ́n ń gbà, nígbà tí owó ẹyọ kò bá sì tó, ọmọ ènìyàn ni à ń kà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le, orí òkè ni wọ́n sá gùn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1897, àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ ọ̀gá wọn, dé Kábà láti lé àwọn ọmọ-ogun Tápà lọ, kí oṣù náà sì tó parí wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ayọ̀ ni fún àwọn baba wa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fojú kéré ayọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 1900, Frederick Lugard, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán, gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, ó sì fi ìjọba Òkè Ọya lọ́lẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí ìjọba òyìnbó bá ti dé, ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jọ ń rìn. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1872, pẹ̀lú ọgbà Broad Street tí ó gba 300 ènìyàn. Nígbà tí yóò fi di 1910, ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà ní Ìbàdàn, Sàpẹ́lẹ̀, Benin, Onitsha, Calabar, Degema, Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Báyìí ni odi ẹ̀wọ̀n ṣe wọ àdúgbò wa. Kò sí ẹni tí ó wí nígbà náà pé a kọ́ ọ láti tún ìwà ṣe. Ìjọba ní ojú ọ̀nà láti là, ó ní koríko láti gé ní ìdí ilé àwọn òyìnbó, ó ní omi láti pọn àti ẹrù láti rù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni òṣìṣẹ́ tí kì í béèrè owó. Ìdí mìíràn ni ẹ̀rù, kí ẹni tí ó bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ àti wọ́dà lẹ́yìn lè mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Òfin ẹ̀wọ̀n 1916 àti ìlànà tí ó tẹ̀lé e ní 1917 kó agbára ọgbà ìjọba lé olórí kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní Òkè Ọya, tí Ẹkùn-ìjọba Kábà jẹ́ apá kan rẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọgbà tiwọn lọ́tọ̀, èyí tí ó pọ̀ ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Wíwà wa ní Òkè Ọya yìí náà ni ó jẹ́ kí ọ̀ràn wa yàtọ̀ sí ti àwọn Yorùbá tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn: nígbà tí òfin ìdájọ́ tuntun ti Òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọmọ Ìjùmú tí ó jalè ní Ìyàrá àti ọmọ Èkìtì tí ó jalè ní Ọ̀tùn ń fi èdè kan náà bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi dá wọn lẹ́jọ́. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n so ọgbà ìbílẹ̀ àti ọgbà ìjọba àpapọ̀ pọ̀ pátápátá, nípa òfin 1972.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe kò ti ọ̀run já bọ́ lánàá. R. H. Dolan, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n láti 1946 títí di 1955, ni ó pàṣẹ pé kí a má ṣe kó ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ògbólògbó, ni ó jẹ́ kí àwọn ẹbí máa bẹ ẹni wọn wò, ni ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn wọ́dà ní Enugu ní 1947, tí ó sì mú kí àwọn àlùfáà àti àwọn olùkọ́ máa wọlé láti kọ́ni. Mo ka iṣẹ́ ọkùnrin náà sí iṣẹ́ ènìyàn gidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba tí ó rán an kò yí ìdí tí ó fi kọ́ ọgbà náà padà.

Ọgbà Kábà tí a mọ̀ lónìí, ní 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀, fún 200 ènìyàn. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2021, àwọn agbébọn yabo ibẹ̀, wọ́n fi àdó olóró fọ́ ògiri rẹ̀, sójà kan àti ọlọ́pàá kan kú, 240 ẹlẹ́wọ̀n sì bá ihò náà jáde sínú òkùnkùn. Ìròyìn náà ká ayé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni a sì rí èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kó padà. Ìlú ń sọ̀rọ̀ ìbọn, ìlú ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó sá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kan wà nínú ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde tí kò jẹ́ kí n sùn: 294 ni wọ́n wà nínú ọgbà náà ní òru ọjọ́ yẹn, 70 péré sì ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Àwọn 224 yòókù ń dúró de ìdájọ́ ni. Ní ọgbà Koton-Karfe, ní ìpínlẹ̀ Kogi kan náà, níbi tí àwọn agbébọn ti kọ́kọ́ tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ní 2012 àti 2014, òjò ni ó wó ògiri ní oṣù Ọ̀wàrà 2019, tí 122 nínú 228 ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ; níbẹ̀ náà, èrò tí a kò tí ì dá lẹ́jọ́ ni ìṣòro ojoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Nàìjíríà, níbi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi kò tí ì gbọ́ "o jẹ̀bi" lẹ́nu adájọ́ kankan.

Ohun tí ó mú mi tẹnu mọ́ ọn ni pé ìdájọ́ ni ilẹ̀kùn àtúnṣe. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ni nínú ọgbà kò kéré: télọ̀, kápíńtà, bàtà rírán, wẹ́dà, ọṣẹ ṣíṣe, irun gígẹ̀, oko ńlá wà ní Lakushi ní Plateau àti ní Ozalla ní Edo, yunifásítì National Open University (NOUN) sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ ní Kirikiri, Kuje àti Enugu. Ẹni tí ó bá wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ inú ọgbà yóò rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, a ó ka sísọ́ọ̀sì, a ó ka abẹ́rẹ́, a ó kọ orúkọ ẹni tí ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, yóò kọ́ bí a ti ń gé aṣọ kí ó má bàa ṣòfò, bí a ti ń rán ọrùn bùbá kí ó má hunjọ. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní kúrò níbẹ̀ títí sísọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn yóò fi padà sórí pátákó. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ oṣù, ó ń fẹ́ ọdún, ó sì ń fẹ́ kí ọ̀gá mọ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lè gbé lọ sí kóòtù lọ́la, tàbí tí wọ́n lè gbàgbé síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ta ni yóò kó aṣọ lé lọ́wọ́? Ó jókòó lásán, ó ń gbọ́ ìtàn ẹnu ògbólògbó, bí ó bá sì jáde, ìtàn náà ni iṣẹ́ tí ó kọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó sọ àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di àjọ àtúnṣe, tí ó sì pín in sí apá méjì: ti inú odi, àti ti ìta odi, níbi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè ti máa ṣiṣẹ́ fún ìlú, kí a máa ṣọ́ ọ lábẹ́ àkóso, tàbí kí òun àti ẹni tí ó ṣẹ̀ jókòó pàdé láti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Òfin náà tún gba àwọn ọ̀gá ọgbà láyè láti kọ ẹni tuntun bí àyè bá ti kún. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ẹni pé mo tún gbọ́ ohùn àwọn àgbà wa lábẹ́ igi, láìsí títà sí oko ẹrú mọ́. Bí ilé ẹjọ́ Kábà bá sì ń lo apá ìta odi yìí fún ẹni tí ó jí iṣu tàbí tí ó jà lọ́jà, ọgbà náà yóò ní àyè, ṣọ́ọ̀bù yóò ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ọjọ́ rẹ̀, wọ́dà yóò sì ráyè di olùkọ́.

Òfin kan náà sọ pé kí a fún ẹni tí ó yí padà ní ìwé ìwà rere ní ọjọ́ tí ó bá jáde, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe dù ú ní ohun tí ó tọ́ sí i. Ìwé ni ìwé ń jẹ́ títí tí ẹnìkan yóò fi gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ní Kábà, ní Ìyàrá àti ní Ìkòyí wa, àwọn ẹgbẹ́ télọ̀ àti ẹgbẹ́ kápíńtà ni ó lè gbà á: kí wọ́n fún ẹni náà ní ẹ̀rọ kan àti àyè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́fà, kí baálé rẹ̀ wá dúró fún un níwájú ẹgbẹ́, kí ọ̀gá tí ó gbà á sì máa san owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún un bí ó ti ń san ti àwọn yòókù.