Rírì Ọkọ̀ Dayspring àti Ìtàn Agbègbè Ìkòròdú

Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ìrìn-àjò àwọn Òyìnbó lórí Odò Ọya, ibi tí ọkọ̀ Dayspring ti rì ni a sábà máa ń dá ẹ̀kọ́ dúró sí. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé nítòsí ọ̀sà ní Ìgbògbò, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré ni Dayspring. Macgregor Laird ni ó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn láti rán an lọ fún òwò àti ìwádìí. Dókítà William Baikie ni olórí ìrìn-àjò náà. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther àti John Hawley Glover, ọmọ ogun ojú omi, wà lára àwọn èrò rẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 1857, wọ́n dé ibi tí odò ti fún láàárín àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ìjì kọ́ ni ó pa á. Ìṣàn omi ni ó borí agbára ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó sì gbé e kọlu òkúta. Àwọn èrò pàgọ́ sí etí odò, ó sì tó nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ Sunbeam tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní àkókò ìdúró yìí ni Glover fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá já dé Èkó. Àwọn Haúsá kan di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹrú tí ó sá lọ́wọ́ olówó wọn sì wà nínú wọn. Nígbà tí ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1863, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ó fún ní ìbọn. Ọba Gòlóbà ni àwọn ará Èkó ń pè é.

Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé ìlú náà kò ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Glover rán ọmọ ogun West India àti àwọn Haúsá rẹ̀ lọ, wọ́n sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. A kò sọ pé bí Dayspring kò bá rì, Ìkòròdú ì bá ṣubú. Òwò orí ọ̀sà tó ìdí fún Èkó láti jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ síta pé àwọn tí a ti kó lẹ́rú nílẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó gba ìlú Yorùbá yìí sílẹ̀.

Inú Ẹ̀gbá kò dùn sí èyí, wọn kò sì fẹ́ràn bí ẹrú wọn ṣe ń sá lọ sí Èkó. Ìbínú náà wà lára ohun tí ó fa Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nárì Òyìnbó kúrò nílùú.